Ìwé Ọ́ìlì Bàbá Mi

Ọyẹ́ ti wọ Kúbwá láàárọ̀ yìí.
Òkè ẹ̀yìn ilé wa ti pòórá,
ètè mi ń bó, awọ ojú mi ń fún.
Mo fi òrí para
kí n tó mú àkísà lọ bá ọkọ̀ níta.
Eruku ti jókòó sórí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀
bí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Pijó ni, fáìfù-ò-fáìfù,
Kàdúná ni wọ́n ti tò ó pọ̀.
Ó ku ọdún méjì kí wọ́n bí mi
nígbà tí bàbá mi rà á.
Ọdún kẹta rèé tí bàbá ti lọ.
Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilẹ̀, wọ́n pín ilé Ọ̀fà,
wọ́n ní, "Ìbídùn, ìwọ máa mú ògbólógbòó irin yẹn."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nínú àpótí kékeré iwájú ìjókòó èrò
ni mo ti bá ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já,
tó ń rùn gíríìsì àti obì gbígbẹ.
Bàbá mi, tí kì í kọ lẹ́tà,
tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju "ṣé ẹ ti jẹun?" lọ,
òun ló kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé yìí dẹ́nu:

"Oṣù kejì. Ọ́ìlì tuntun. Mo gbọn fílítà."
"Táyà ọ̀tún iwájú ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé e sẹ́yìn."
"Òjò àkọ́rọ̀. Mo fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì, mo fi gíríìsì pa á lẹ́nu."
"Omi rádíétọ̀ fi ìka méjì lọ sílẹ̀. Ibo ló ń gbà lọ?"

Ibo ló ń gbà lọ?
Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ń béèrè.
Rárá o. Omi ni. Ojú ìwé kejì ló ti rí i:
"Rọ́bà ìsàlẹ̀ ló ya. Mo pààrọ̀ rẹ̀ ní Pàǹtẹ́kà, náírà méjìlá."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí.
Bàbá mi kì í pòwe.
Fílítà ló ń rà.

Ojú ìwé kẹtàdínlógún, lẹ́bàá etí, lẹ́tà wẹ́wẹ́:
"Ìyá Bánkọ́lé bímọ lóru àná. Obìnrin. Ìbídùn.
Ọ́ìlì, lítà mẹ́rin. Ó ti dúdú jù. Mo pẹ́ dé."
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pẹ́ dé nínú gbogbo ìwé yẹn,
èmi ni mo fà á.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Lawàlì, mẹkáníìkì mi ní Apo.
Kò lè ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà;
ó ń fi ìka dúdú tọ ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́.
"Kai," ó ní. "Allah ya jikansa."
Lẹ́yìn rẹ̀, jíìpù tuntun kan ń dán bíi dígí,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà.
Olówó rẹ̀ ń jágbe mọ́ fóònù, babanríga rẹ̀ ń gbálẹ̀.
Lawàlì ti igi bọ ọ́ìlì inú rẹ̀, ó nà án sí mi:
ó ń yọ̀ bí ilá àná.
"Ọdún méjì," ó ní. "Ìta nìkan ló ń fọ̀."

Èmi náà ra bírò. Lábẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mo kọ:
"Ọyẹ́ dé. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ inú fílítà kún àtẹ́lẹwọ́ kan.
Lawàlì kò gbowó iṣẹ́. Mo fún un lọ́sàn."

Lẹ́yìn náà mo fa irin ìwọ̀n ọ́ìlì yọ,
mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á,
bó ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án:
"Àkọ́fà máa ń purọ́, Ìbídùn. Èkejì ni kí o gbà gbọ́."

Ó dé ojú àmì.
Àwọ̀ rẹ̀ bí oyin.